Iyùn Ojú Fóònù, Iyùn Inú Táǹkì

Mẹ́fà la mú nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn ń yí lé lórí: níbo ni títún fọ́tò ṣe parí sí, níbo ni irọ́ ti bẹ̀rẹ̀? Iyùn tí à ń sọ níbí kì í ṣe èyí tí ìyàwó ń fi sọ́rùn o. Èyí tó ṣì wà láàyè nínú omi ni, tó ń jẹun, tó ń dàgbà, tí àwọn kan ń sìn nílé nínú táǹkì, ìyẹn àpótí gíláàsì olómi iyọ̀.

Mo ra ègé iyùn kan, irú tí wọ́n ń pè ní zoanthid, ní ₦45,000 lọ́wọ́ oníṣòwò kan lórí WhatsApp. Nínú fọ́tò, ó pọ́n bí ẹyin iná. Nígbà tó délé, ó rí bí àmàlà. Oníṣòwò náà búra pé òun kò bu nǹkan kan mọ́ ọn. Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni? (Òǹkàwé kan, Sùúrùlérè)

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ má tíì bá a fa ṣòkòtò. Iná wo lẹ fi wò ó? Zoanthid ní èròjà kan lára tó ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù wọlé, tó sì ń tú u jáde ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn tàbí pupa. Abẹ́ iná búlúù ni ẹwà yẹn ti ń yọ dáadáa. Bí ẹ bá gbé e sábẹ́ gílóòbù funfun inú pálọ̀, ohun tí ẹ máa rí ni àwọ̀ ilẹ̀ àwọn ohun tíntìnní tó ń gbé inú ẹran ara rẹ̀, àwọn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ fún un. Iyùn kan náà lè jẹ́ ẹyin iná lálẹ́, kó di àmàlà lọ́sàn-án, kí ẹnikẹ́ni má sì tíì purọ́.

Ìrìn àjò náà tún máa ń jẹ́ kó pa ara rẹ̀ dé. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì nínú omi tó dúró sójú kan: ìwọ̀n iyọ̀ (specific gravity) 1.025 sí 1.026, ìgbóná 25 sí 26°C. Bí nitrate àti phosphate, èròjà tó ń ti ara ìdọ̀tí àti oúnjẹ ẹja wá, bá pọ̀ jù nínú omi yín, àwọn ohun tíntìnní yẹn á bí sí i, iyùn á sì máa dúdú lọ. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi oníṣòwò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà sí fọ́tò tó fi ránṣẹ́. Ẹ fi iyùn sílẹ̀, ohun tó yí i ká ni kẹ́ ẹ wò. Òkúta kékeré tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, ṣé ó ṣì funfun, àbí ó ti di elésè-àlùkò? Yanrìn ńkọ́? Bí ọwọ́ èèyàn bá wà níbẹ̀, ṣé ọwọ́ èèyàn ló jọ, àbí ọwọ́ aláró? Bí ọwọ́ bá rí bí ọwọ́ aláró, wọn kò yọ búlúù kúrò rárá, wọ́n kàn fa àwọ̀ sókè lé e lórí ni. Bí ọwọ́ àti yanrìn bá wà bó ṣe yẹ, tí iyùn nìkan ń jó bí iná, ẹ fura: ó lè jẹ́ pé wọ́n fi ìka kun iyùn nìkan nínú app. Ẹ sún un mọ́ra, kẹ́ ẹ wo etí rẹ̀. Àwọ̀ tó bá dà kọjá etí sórí òkúta, ìka èèyàn ló dà á. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ láàárín náà. Ó yẹ kí ìlà wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti di àbàwọ́n pupa kan ṣoṣo, wọ́n ti fa Saturation (ohun tó ń mú kí àwọ̀ le nínú app) kọjá ibi tí fọ́tò lè gbé e dé.

Lọ́jọ́ mìíràn, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kó ṣe fídíò ìṣẹ́jú àáyá 20: kó na ìka sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn náà, kó sì yí iná láti búlúù sí funfun nígbà tí fídíò ń lọ. Bó bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí owó yín wà lápò.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Iyùn tó ń ṣàìsàn lè rẹwà nínú fọ́tò ju èyí tí ara rẹ̀ dá lọ. Nígbà tí ooru bá lé àwọn ohun tíntìnní yẹn jáde, àwọn iyùn kan máa ń yọ àwọ̀ títàn lójijì, pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí búlúù tó mọ́lẹ̀. Fọ́tò náà lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, kí iyùn sì ti wà lẹ́nu ikú. Nítorí náà, ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ya á, kẹ́ ẹ sì gba òmíràn tí wọ́n yà lóṣù tó ṣáájú.

Gbogbo fọ́tò táǹkì mi ló ń jáde bí aṣọ tó já sínú ìkòkò aró. Fóònù nìkan ni mo ní. Mi ò fẹ́ parọ́, àmọ́ bó ṣe ń rí yìí kọ́ ni ojú mi ṣe ń rí i. (Òǹkàwé kan, Ẹbúté Mẹ́ta)

Fóònù yín ló kọ́kọ́ parọ́. Ojú èèyàn kì í ka búlúù sí púpọ̀. Àwọ̀ ewé tó sún mọ́ yẹ́lò ló máa ń rí jù. Ọpọlọ náà sì ń bá a tún un ṣe: bí ẹ bá dúró níwájú táǹkì bí ìṣẹ́jú méjì, yanrìn á padà funfun lójú yín. Fóònù kò mọ ìyẹn. Búlúù á ti kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ kí àwọn àwọ̀ yòókù tó dé. Ẹ lè tún un ṣe títí dé ibi tí ojú yín rí i, kẹ́ ẹ dúró níbẹ̀.

Ìdajì iṣẹ́ náà kò sí nínú fóònù. Bí iná táǹkì bá jẹ́ búlúù nìkan, kò sí pupa tí kámẹ́rà máa mú; pupa tí app bá sì fipá fà yọ níbẹ̀, pàǹtí ni. Ẹ gbé iná funfun sókè dé bí 40% fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kò ní pa iyùn lára. Ẹ pa iná pálọ̀, ẹ fa kọ́tìnì, kí òjìji yín má bàa hàn lára gíláàsì. Ẹ ti fọ inú gíláàsì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kí ìdọ̀tí lè rọlẹ̀. Ní ti ìta rẹ̀, aṣọ tútù ti tó. Ẹ má fín oògùn ìnugíláàsì nítòsí omi, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ní ammonia. Bí fóònù bá sì ti wà nínú yàrá AC, ẹ jẹ́ kó jókòó sínú ooru Èkó fún bí ìṣẹ́jú ogún, kí ìkùukùu lè kúrò lójú lẹ́ǹsì.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa àwọn pọ́ǹpù, kí iyùn yé jó. Kẹ́ ẹ tó pa èyí tó ń dá omi padà sókè, ẹ wo sump, àpótí omi tó wà lábẹ́ táǹkì: omi orí táǹkì máa ṣàn wá sísàlẹ̀, bí àyè kò bá sí, ilẹ̀ pálọ̀ ló máa gbà á. Ẹ yí áláàmù sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi tó gbóná kì í gbé atẹ́gùn púpọ̀, ẹja ló sì máa jìyà bí ẹ bá gbàgbé.

Ibi tí àṣírí wà rèé. Ẹ nílò ohun funfun kan tí kámẹ́rà máa fi mọ ohun tí funfun jẹ́. Ẹ má lo bébà, ẹ má lo aṣọ tí wọ́n fi ọṣẹ ẹlẹ́búlúù fọ̀. Wọ́n ti fi èròjà sínú wọn tó ń tàn bó bá rí iná búlúù tàbí elésè-àlùkò, á sì tan kámẹ́rà jẹ. Tépù funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn púlọ́ńbà fi ń wé ẹnu páìpù, PTFE ni wọ́n fi ṣe é, kì í tàn. Ẹ wé e ní ìlọ́po mẹ́rin mọ́ ègé páìpù tó gùn tó ìka kan, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn, lábẹ́ iná kan náà, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò kan pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wá yọ ọ́, kẹ́ ẹ máa ya ìyókù.

Ẹ lo Pro, ìyẹn ibi tí ẹ ti lè fọwọ́ ara yín to kámẹ́rà fóònù, ẹ tan RAW, ìyẹn fọ́tò tútù tí fóònù kò tíì tún ṣe. ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó) 100 sí 400. Ìyára (shutter) 1/125 ìṣẹ́jú àáyá tó fún iyùn, ẹja ń fẹ́ 1/250 ó kéré tán. Bí búlúù bá mọ́lẹ̀ jù, ẹ dín ISO kù, torí pé ibi tó bá ti kún àkúnwọ́sílẹ̀, àtúnṣe kankan kò lè dá a padà. Ojú fóònù gbọ́dọ̀ kọjú sí gíláàsì gan-an. Bí ẹ bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo nǹkan á máa ní ìlà pupa àti búlúù létí. White balance, ohun tó ń sọ fún kámẹ́rà ohun tí funfun jẹ́, kì í kọjá 10,000K lórí ọ̀pọ̀ fóònù (K ni ìwọ̀n àwọ̀ iná; bó ṣe ń ga sí i ni iná ń búlúù sí i), àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ débẹ̀, iná táǹkì sì lè ju 15,000K lọ. Ìdí nìyẹn tí RAW fi ṣe pàtàkì: nínú Lightroom, app ìtúnfọ́tò-ṣe kan, Temp (ibi tí a ti ń yí K) rẹ̀ ń lọ dé 50,000K. Bí JPEG (fọ́tò tí fóònù ti tún ṣe tán) bá ni, -100 sí +100 lásán ni wọ́n máa fún yín, kì í sì í tó.

Ẹ ṣí fọ́tò tó ní tépù, ẹ fi ìkán-àwọ̀ (eyedropper) inú app tẹ tépù náà, kẹ́ ẹ wá da ìtúnṣe yẹn kọ sórí àwọn yòókù. Iwájú táǹkì ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì lóru. Ẹ pa ohun tó ń sọ ojú fóònù di pípọ́n lálẹ́ náà, nítorí bí ó bá wà ní títàn, ẹ ó máa da búlúù sí fọ́tò láìmọ̀.

Oníṣòwò ni mí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fa àwọ̀ dé òpin, oníbàárà sì ń ya sọ́dọ̀ wọn. Ṣé kí n máa ṣe bíi tiwọn? Gíláàsì aláwọ̀ ọsàn tí mò ń fi bo lẹ́ǹsì ńkọ́, ṣé irọ́ nìyẹn náà?

Ẹ̀gbọ́n, tìróò kì í ṣe irọ́, ojú tó wà níbẹ̀ ló ń yọ. Ojú tí kò sí níbẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yà. White balance, gígé etí fọ́tò, fífi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún un, tìróò nìyẹn. Tí white balance bá ti péye, Saturation kì í nílò ju +10 lọ. Hue ni kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn rárá, torí òun ló ń sọ àwọ̀ ewé di yẹ́lò, tó sì ń sọ iyùn olówó pọ́ọ́kú di èyí tí wọ́n ń jà lé lórí.

Gíláàsì ọsàn yàtọ̀. Ó ń dí búlúù lọ́nà, kó lè ku èyí tí iyùn ń tàn nìkan. Ohun tó fi hàn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú oníbàárà kò ní rí i báyẹn àfi bó bá wọ awò yẹ́lò. Ẹ lò ó, kẹ́ ẹ sọ ọ́. Fọ́tò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan pẹ̀lú gíláàsì, ọ̀kan láìsí i, kẹ́ ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ báyìí: «Iná búlúù 70%, funfun 30%. Gíláàsì ọsàn wà lára ti apá òsì. White balance nìkan la tún ṣe. A yà á lọ́jọ́ Tuesday.» Ìlà kan péré ni, ó sì ń gba oníṣòwò lọ́wọ́ «ẹ dá owó mi padà».

Ṣé títàn iyùn yìí wà lóòótọ́ àbí iṣẹ́ iná lásán ni? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Yábàá)

Ó wà. Purotéènì ló ń ṣe é. Ọdún 1962 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Osamu Shimomura fa èyí tó ń tàn bí ewé yọ lára jellyfish kan, òun pẹ̀lú Martin Chalfie àti Roger Tsien sì gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì lórí rẹ̀ lọ́dún 2008. Ìbátan purotéènì yẹn ló wà lára iyùn yín.

Ẹgbẹ́ wa ń ṣe ìdíje fọ́tò táǹkì. Òfin wo ló yẹ ká fi lélẹ̀? (Òǹkàwé kan, Ìkẹjà)

Kí olúkúlùkù fi RAW ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́tò tó parí. Òfin yìí nìkan máa dín ìjà kù ní ìlàjì. Ẹ gba gígé, white balance, ìmọ́lẹ̀, àti yíyọ ìdọ̀tí tó léfòó nínú omi. Kíkó fọ́tò márùn-ún sí mẹ́wàá papọ̀ kí iyùn lè mọ́ kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹ gbà á bó bá kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ má gba fífi AI kún ohun tí kò sí, ẹ má gba gbígbé ẹja láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní «ìyẹn kò tó nǹkan», ẹ rán an létí ìwé ìròyìn National Geographic ti February 1982, tó fi kọ̀ǹpútà sún pírámíìdì Gíísà mọ́ra kó lè wọ èèpo ìwé. Títí dòní ni wọ́n ń fi í ṣe àpẹẹrẹ.

Fún adájọ́ tí kò ní àyè láti yẹ RAW wò: kó wá clownfish, ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn, nínú fọ́tò. Àwọn ìlà funfun ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ funfun.

Ṣé mo lè fi app nu ewé omi tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì? (Òǹkàwé kan, Ìkòyí)

Ẹ fi kànrìnkàn onímágínẹ́ẹ̀tì nù ún. Ìṣẹ́jú méjì ni, app máa gbà yín tó ogún. Ewé tó wà lára òkúta tàbí iyùn, ẹ fi sílẹ̀ nínú fọ́tò, pàápàá tí ẹ bá fẹ́ tà. Bí ẹ bá sì rí ohun kékeré kan tó dà bí igi ọ̀pẹ, tó ní àwọ̀ ilẹ̀, tí èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ láti iwájú, Aiptasia nìyẹn, ẹ̀dá omi kan tó ń ta iyùn, tó sì ń gbilẹ̀ kíákíá nínú táǹkì. Ẹ má pa á rẹ́ kúrò nínú fọ́tò, ẹni tó bá ra òkúta náà ló máa gbé e lọ sílé. Ẹ má sì gé e nínú táǹkì, nítorí ègé tó bá ṣẹ́kù lè di òmíràn. Ẹ po kalkwasser (ẹfun oníyẹ̀fun, calcium hydroxide) díẹ̀ mọ́ omi kó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ fi síríńjì rọra fi bo ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó tan pọ́ǹpù padà.