Yíyọ inú sàílẹ́ńsà kò dáàbò bò yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo yọ inú sàílẹ́ńsà alùpùpù mi kí àwọn onímọ́tò lè máa gbọ́ bí mo ṣe ń bọ̀. Láti ìgbà náà ni orí ti ń fọ́ mi, mo sì rí i pé eré mi ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irú ohun ìdí-etí wo ni kí n rà kí ariwo má bàa wọlé?

Ìdáhùn: A ó dé orí ọ̀rọ̀ etí, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ yọ yẹn gan-an ni ìṣòro yín. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ pé ariwo ń gba ẹ̀mí ẹni tó ń gun alùpùpù là. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ̀yìn ni ẹnu sàílẹ́ńsà kọ sí. Ẹni tí ẹ ti kọjá ló ń gbọ́ yín yékéyéké. Iwájú sì ni ewu wà: ọkọ̀ tó yà gba iwájú yín ní oríta, ọkọ̀ tó ṣàdédé yọ láti ẹ̀gbẹ́ títì. Ìwádìí tí Harry Hurt àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1981, lẹ́yìn tí wọ́n yẹ ìjàǹbá alùpùpù tó lé ní 900 wò fínnífínní, fi hàn pé iwájú ni èyí tó pọ̀ jù nínú ewu náà ti ń wá, àti pé àwọn awakọ̀ kì í rí alùpùpù lásìkò. Rírí ni mo wí. Ẹni tó ti wíńdò pa, tí rédíò ń ké nínú ọkọ̀ rẹ̀, lè má gbọ́ yín títí ẹ ó fi dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó tilẹ̀ gbọ́, kì í tètè mọ apá ibi tí irú ìró kíkẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń bọ̀. Ẹ tan iná iwájú lọ́sàn-án, ẹ wọ aṣọ tó ń tàn, ẹ fun fèrè.

Ẹ̀yin gan-an ni ariwo náà yí padà, torí ọwọ́ máa ń tẹ̀lé etí. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ ó máa fún un níná láti fi lé èèyàn lọ́nà, ẹ ó di kíláàṣì mú dé ìdajì, àwo rẹ̀ á sì jóná. Lóru, kí àwọn tó ń sùn má bàa bú yín, ẹ ó tètè ju jíà sókè, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, á máa fà tipátipá. Lójú ọ̀nà gbalasa, ẹ ó pẹ́ lórí jíà kékeré torí pé ìró rẹ̀ dùn létí. Èyí tó burú jù ni kíkó sáàárín ọkọ̀ méjì pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé wọ́n ti gbọ́ yín. Ẹ̀yin náà ò sì ní gbọ́ ṣéènì tó ti dẹ̀.

Ẹ dá inú sàílẹ́ńsà náà padà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù pátápátá. Bí ẹ bá tú páìpù rẹ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ìyẹn òrùka tí kì í jẹ́ kí èéfín jò, fún ibi tí páìpù ti wọ orí ẹ́ńjìnnì. Ti àtijọ́ ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, á máa jò, á sì máa dún pà-pà nígbàkigbà tí ẹ bá dá ọwọ́ iná padà. Ẹ ki gbogbo bóòtù sí i láìfún un, kí ẹ wá máa fún ti orí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀, tọ̀tún tòsì, kí ẹ tó kan ti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, páìpù á wọ́, bóòtù orí ẹ́ńjìnnì sì lè kán. Ìwé alùpùpù yín ló mọ ìwọ̀n tí ẹ ó fún un dé. Bí mẹkáníìkì bá ti fi jẹ́ẹ̀tì (ẹnu kékeré tí epo ń gbà kọjá) oníhò ńlá sí kabúrétọ̀, kó dá ti àkọ́kọ́ padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ epo á pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì àti èéfín á dúdú.

Ó wá ku etí. Ìwọ̀n ariwo 85 dB (dẹ̀síbẹ́lì, òṣùwọ̀n ariwo) ni etí lè fara dà fún wákàtí 8. Bó bá ti fi 3 dB lé sí i, àkókò náà á dín sí ìdajì. Tó bá dé 100 dB, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, atẹ́gùn tó ń fẹ́ lára àṣíborí nìkan lè kọjá 90 dB, nítorí náà ẹ lo fóòmù etí kódà lẹ́yìn tí sàílẹ́ńsà bá ti padà. Ẹ yí i kó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi ọwọ́ kejì fa etí sókè àti sẹ́yìn, ẹ tì í wọlé, ẹ fi ìka dì í mú fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ẹ wádìí òfin ibi tí ẹ wà, torí àwọn ibì kan ò fàyè gba dídí etí méjèèjì. Bí etí bá sì ń hó títí di ọjọ́ kejì, ẹ lọ rí dókítà etí. Ìyẹn ti kọjá ohun tí mẹkáníìkì lè tún ṣe.