Ẹ gbọ́kàn kúrò lórí gbọ̀ngàn ìjọba

Àǹtí tó bèèrè gbọ̀ngàn tó dára n'Ìbàdàn fún kíláàsì ọjọ́ Sátidé, tí ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àmàlà ríro, kí ẹ sì mú wọn yí ìlú ká kí wọ́n mọ ìtàn rẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ rere. Èmi náà ń ṣe irú ẹ̀ títí di òní. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ gbọ́kàn kúrò lórí gbọ̀ngàn ìjọba.

Ojú mi rí màbo. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà, mo kọ ọ́. Wọ́n ní ẹni tí mo kọ ọ́ sí kọ́ ló yẹ kí n kọ ọ́ sí, mo tún un kọ. Bí ọ̀gá bá wà, akọ̀wé ti lọ ìpàdé. Bí akọ̀wé bá dé, ẹni tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sìnkú. Gbogbo ìgbà tí mo bá débẹ̀, màmá kan tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà á ní, "Ẹ padà wá lọ́la," kò ní gbójú sókè. Nígbà tó yá, wọ́n gba owó gbọ̀ngàn, wọ́n gba owó ìdúró, wọ́n gba owó ìmọ́tótó, wọ́n gba owó jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n owó gbọ̀ngàn nìkan ni wọ́n já rìsíìtì fún. Mo ní ìyókù ńkọ́? Akọ̀wé bi mí pé ṣé mi ò fọkàn tán ìjọba ni.

Nígbà tí Sátidé pé, a ti ra èlùbọ́, a ti rẹ ẹ̀wà gbẹ̀gìrì mọ́jú, àwọn ọmọ ti wọkọ̀ láti Mọníyà àti Apátá. A dé ẹnu géètì, a bá àsíá ẹgbẹ́ òṣèlú nínú ọgbà, ìlù ń dún. Ẹ̀ṣọ́ ní àṣẹ tòkè wá ni. Mo na rìsíìtì sí i, bàtà mi ló ń wò. Àwọn òbí dúró nínú oòrùn tàwọn tọmọ wọn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹ̀wà tí a rẹ ti ń yọ ìfófòó, ó ti ń kan, a dà á nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Owó mi ńkọ́? Wọ́n tún ní kí n kọ lẹ́tà. Kí n tó kọ ọ́ tán, wọ́n ti gbé ọ̀gá yẹn lọ sí ọ́fíìsì mìíràn, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ sì ní òun ò mọ nǹkan kan. Kọ́bọ̀ kan kò padà sọ́wọ́ mi. Inú ṣì ń bí mi, nítorí owó àwa ará ìlú ni wọ́n fi kọ́ gbọ̀ngàn ọ̀hún.

Ìyá kan tí mo máa ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ l'Ọ́jà'ba ló là mí lọ́nà. Ó ní iwájú agboolé àwọn fẹ̀, pé kí n wá rí mọ́gàjí. Mọ́gàjí ni olórí agboolé n'Ìbàdàn, láti ipò yẹn sì ni wọ́n ti ń gun oyè lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé orí Olúbàdàn. Bí mọ́gàjí bá ti gbà yín, ta ló máa lé yín? Ẹ mú obì dání, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ṣàlàyé. Kò le.

Àmàlà ríro fúnra rẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n: omi hó, èlùbọ́ wọlé, ẹ rò ó kó má ní kókó, ẹ bomi sí i, ó jiná. Èlùbọ́ ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ lé lórí. Ẹ kó gbódó wá, kí àwọn ọmọ rí i pé iṣu tí wọ́n bọ̀ tí wọ́n sì sá gbẹ ni, kí wọ́n dá a, kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń ró pàkà, kó tó di pé ẹ sọ pé wọ́n ń lọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé inú ọ̀rá ni èlùbọ́ ti ń wá. Àwọn kan ń po láfún mọ́ èlùbọ́ iṣu, wọ́n á sì tà á lówó ojúlówó, ẹ ṣọ́ra. Ẹ̀rọ ìlọta kò gbọdọ̀ débi ewédú: ìjábẹ̀ ni kí wọ́n fi já a, kí ọwọ́ ro wọ́n díẹ̀.

Ní ti ìtàn, ẹ má ṣe bíi tàwọn tó ń lọ gbé ọ̀mọ̀wé wá. Èyí tí mo pè, Bódìjà ló ń gbé, ó gba owó mọ́tò bí ẹni tó ti ìlú òkèèrè wá, ó sì ka pépà Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ títí oorun fi gbé wọn lọ. Oríkì ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀: Ìbàdàn, ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́ ẹ̀kọ mu. Nígbà tí ogun tú ìlú Lágelú, ẹni tó tẹ Ìbàdàn dó, tí òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ sá gorí òkè, èso òro àti ìgbín ni wọ́n rí jẹ, ìkarahun rẹ̀ ni wọ́n sì fi mu ẹ̀kọ. Ẹ se ìgbín, ẹ po ẹ̀kọ, kí àwọn ọmọ máa jẹ, kí ẹ máa sọ ọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ tó sọ ti 1829, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá fi Ìbàdàn ṣe ibùdó.

Ẹ gòkè lọ sí Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929. Ẹ mú aṣọ àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn dání, kí wọ́n wá òpó Mápó nínú iṣẹ́ ara aṣọ, kí wọ́n tún wo òpó gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ gba Bẹẹrẹ lọ Òkè Ààrẹ, níbi Láyípo, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tóóró, ó sì ń yí, ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ kéékèèké, kí ẹni tí òyì ń kọ́ dúró nísàlẹ̀.

Ẹ má mú ọjọ́ ọdún Òkè'Bàdàn nínú oṣù Kẹta. Wọn kì í dáná lọ́jọ́ náà, ọjà kì í ná, orin tí wọ́n sì ń kọ ní títì kì í ṣe ohun tí gbogbo òbí fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́. Ẹ má sì dá ẹjọ́ Ìyálóde Ẹfúnṣetán àti Ààrẹ Látóòsà, àwọn olóyè Ìbàdàn àtijọ́ tó bá ara wọn jà, lójúde ẹnikẹ́ni. Ọmọ àwọn tó wà nínú ìjà yẹn ló ń gbé àdúgbò, wọ́n sì mọ ohun tí bàbá wọn sọ fún wọn. Ẹ ní kí àgbà ilé sọ tirẹ̀, ẹ gbọ́ ọ, ẹ kọjá.

Bí ẹ bá ta kú pé gbọ̀ngàn lẹ fẹ́, ẹ lọ wo ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ilé ìwé, kí gbogbo owó tí ẹ san sì wà nínú rìsíìtì. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fún mi. Bí kò bá ti bọ́ sọ́jọ́ kíláàsì tèmi, màá bá yín lọ rí mọ́gàjí.