Ẹ fi iná táímíǹgì wo pọ́lì kí ẹ tó fọwọ́ kan tábìlì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè ìdí tí tábìlì táímíǹgì (àkọsílẹ̀ tí ń sọ iye dígírì tí plọ́ọ̀gì fi ń taná ṣáájú kí písítìn tó dé òkè) inú bréènì-bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì, tuntun tí ẹ fi sí Camry yín, ti ẹ́ńjìnì 5S-FE, fi wà ní dígírì 38 nígbà tí ọkọ̀ bá ń rọra lọ, tí ó sì já sí 22 nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀ tán, àti bóyá kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di 38 kí agbára lè pọ̀ sí i. Ẹ má ṣe é rárá. Ṣùgbọ́n kí n tó ṣàlàyé, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti tan iná táímíǹgì (iná tí ń ṣẹ́jú bí plọ́ọ̀gì bá ṣe ń taná) sí pọ́lì kíráńkì yín, kẹ̀kẹ́ tí ń bá ẹ́ńjìnì yí tí àmì wà lára rẹ̀?

Ohun tí ojú mi rí ni ó mú mi béèrè. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí gba owó ńlá lọ́wọ́ mi, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì wo ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo bá ń gun òkè, mo máa ń gbọ́ ìró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń mi ìṣó nínú agolo. Mo pè é, ó ní epo àdàlú ni, kí n lọ rà níbòmíràn. Mo rà níbòmíràn, ìró náà kò lọ. Nígbà tí mẹkáníìkì mìíràn tan iná sí i, kọ̀ǹpútà ń pe 10, àmì ara pọ́lì sì wà ní 20. Ìyẹn ni pé ibi tí tábìlì bá ti kọ 22, 32 ni ẹ́ńjìnì ń gbà. Wọ́n tú u, wọ́n bá písítìn kan tí ó ti sán láàárín ojú ríìngì rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀gá wa ṣì ní epo ni.

Nítorí náà, ẹ ti táímíǹgì pa sí 10 nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún ìṣirò sẹ́ńsọ̀ tí ń sọ ibi tí kíráńkì wà ṣe títí pọ́lì náà yóò fi fi 10 hàn. Ẹni tí ó bá ṣì ń lo bréènì-bọ́ọ̀sì tí ó bá ọkọ̀ wá yóò so ojú TE1 mọ́ ojú E1 nínú àpótí àyẹ̀wò ọkọ̀, bí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá sì ní dìsìtíríbútọ̀ (ohun tí ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì), yóò yí i dé 10.

Ní ti 38 àti 22, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rọra lọ, afẹ́fẹ́ inú sílíńdà kéré, epo ń jó díẹ̀díẹ̀, nítorí náà plọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ tètè taná kí písítìn tó dé òkè. Bí ẹ bá tẹ tọ́rótù tán, afẹ́fẹ́ kún fọ́fọ́, iná ń yára jó, bí ẹ bá sì fi 38 síbẹ̀, agbára iná yóò pàdé písítìn tí ó ṣì ń gòkè bọ̀, epo tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò sì bú gbàmù fúnra rẹ̀; òun ni ìró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí mo ń gbọ́. Bí ẹ bá fi dígírì 2 kún un tí agbára kò pọ̀ sí i, ẹ yọ ọ́ kúrò, ìbáà má sí ìró kankan.

Ẹ má sì gba fáìlì tábìlì ẹni tí ó ń ra epo 98 (epo ọ̀kíténì gíga tí kì í tètè bú fúnra rẹ̀) ní Jámánì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa àtúnṣe tí ń dín táímíǹgì kù nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbóná, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó lọ́sàn-án kì í ṣe eré. Táímíǹgì tí ó kéré jù náà ń mú kí ẹ̀gúsọ́ọ̀sì gbóná kọjá ààlà. Bí ẹ́ńjìnì yín bá ní sẹ́ńsọ̀ tí ń gbọ́ ìró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ jẹ́ kí òun pa á, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀.