Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ Tí Kò Tíì Lajú: Ṣé Mílíìkì Ló Kàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Wọ́n gé igi kan lẹ́yìn ilé wa láàárọ̀ yìí, ọmọ mi sì gbé ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ kan wálé, kò tíì lajú. A fi ṣíbí fún un ní mílíìkì inú agolo, àmọ́ ńṣe ni mílíìkì ń yọ nímú rẹ̀. Kí ni ká ṣe? Ọmọ mi ní òun fẹ́ máa sìn ín.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀ ná. Mílíìkì tó ń yọ nímú ti fẹ́ gba ọ̀nà èémí, òtútù àyà ló sì máa ń tẹ̀lé e. Nínú àwọn ọmọ ẹranko tí wọ́n ń gbé wá bá mi, àwọn tí ebi pa kò tó àwọn tí oúnjẹ pa. Ẹ tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi òwú nu imú rẹ̀. Tí èémí rẹ̀ bá ń dún, ẹ má dúró de ohunkóhun mọ́, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lónìí.

Tí kò bá dún, ooru ló kàn. Ẹ fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Tó bá tutù, kò lè da oúnjẹ kankan. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú páálí. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo o, kí ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ náà lè wọ́ kúrò níbẹ̀ bí ooru bá pọ̀ jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé páálí náà padà sídìí igi tó súnmọ́ ibi tí ẹ ti rí i jù lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Pé ìyá rẹ̀ máa gbóòórùn ọwọ́ èèyàn kó sì kọ̀ ọ́, ìtàn lásán ni. Ìyá ọ̀kẹ́rẹ́ sábà máa ń ní ju ìtẹ́ kan lọ, ẹnu ló sì fi ń gbé ọmọ láti ọ̀kan sí òmíràn. Ẹ so ajá, ẹ ti ológbò mọ́lé, kí ẹ̀yin náà jìnnà. Mo ti rí ìyá kan tó jókòó sórí ẹ̀ka títí, tó ń wo páálí, torí pé ẹni tó gbé e síbẹ̀ dúró tì í, ó ń ya fọ́tò.

Tí ilẹ̀ bá ṣú tí kò dé, ẹ gbé ọmọ náà wọlé. Ìgbà yẹn ni oúnjẹ tó kàn, omi iyọ̀ àti ṣúgà sì ni: omi sísè lítà 1, ṣúgà ṣíbí ìmutíì 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìmutíì, kó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ fà á sínú sírínjì kékeré tí kò ní abẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kó da ikùn délẹ̀, kì í ṣe kó tẹ́ ẹ̀yìn sílẹ̀ bí ọmọ èèyàn, kí ẹ máa kán an sí i létè kó máa lá a. Bí ó bá wọn gíráàmù 40, mílílítà 2 ló pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ wá fi òwú tí ẹ rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nu ìdí rẹ̀ jẹ́jẹ́, torí kò tíì lè dá tọ̀. Ahọ́n ìyá ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Mílíìkì màlúù á mú un ya ìgbẹ́ gbuuru. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń tọ́jú ẹranko igbó.

Ní ti sísìn ín, òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò gbà á láìsí ìwé àṣẹ. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé èyí tó bá dá dàgbà láàárín èèyàn kì í bẹ̀rù ajá. Àwọn onímọ̀ máa ń kó o pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn kì í bá a ṣeré, wọ́n á gbé àgò rẹ̀ sí ìta fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹ fún ọmọ yín níṣẹ́ tiẹ̀: kó jókòó sójú fèrèsé, kó máa ṣọ́ páálí, kó sì pè yín tí ìyá bá yọjú.