Ìrora ni kí ẹ máa ṣọ́, kì í ṣe òórùn

Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Ẹ ní ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ yín ń wú, ẹ wá ń béèrè bóyá òórùn lẹ máa fi mọ̀ pé kòkòrò tó ń ṣe gáàsì ti wọ̀ ọ́. Ẹ má dúró de òórùn o. Ìrora ló sábà máa ń ṣáájú, ìrora tó ju ọgbẹ́ lọ.

Ọgbẹ́ ojúgun àbúrò mi kéré. Irin tó kún fún iyẹ̀pẹ̀ ló gún un, wọ́n kàn nu ún lóréfèé, wọ́n rán an pa. Bẹ́ẹ̀, inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ni kòkòrò yìí ń gbé, ibi tí afẹ́fẹ́ ò dé ló sì ti ń gbilẹ̀. Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, ọmọkùnrin tí kì í sunkún ń fi eyín di aṣọ ìbora mú. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ojo ni, ó kọ parasitamọ́ọ̀lù fún un. Inú ṣì ń bí mi! Pé ara ò gbóná púpọ̀ ni wọ́n dì mú, nígbà tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì, tó sì ń làágùn. Awọ ibẹ̀ kọ́kọ́ ràn funfun, ó wá ní àwọ̀ idẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ìléròrò yọ, omi ẹlẹ́jẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Mo fìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, nǹkan ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ awọ, bí ọ̀rá tí wọ́n ń rún lọ́wọ́. Mo fi báírò fa ìlà yí ibi tó wú ká. Kí wọ́n tó pe oníṣẹ́ abẹ, wíwú náà ti kọjá ìlà.

Wọ́n tú u, wọ́n gé ẹran tó ti kú dànù, wọ́n fa pẹnisílínì àti clindamycin, àwọn oògùn apakòkòrò, sí i lára. Ẹsẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ó ń tiro.

Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé abẹ́rẹ́ tẹ̀tánọ́ọ̀sì ti tó, ẹ má dá a lóhùn, àìsàn mìíràn nìyẹn. Bí X-ray ò bá fi gáàsì hàn, ìyẹn ò ní kó má sí níbẹ̀. Bí ìrora bá ṣàdédé dáwọ́ dúró tí ibẹ̀ sì kú tipiri, ẹ má yọ̀.

Ẹ ò sọ bóyá ọkọ yín ní ìtọ̀ ṣúgà. Bó ní in, bí kò ní in, ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ ni kí ẹ gbé e lọ lálẹ́ yìí.