Ẹ Má Yọ Ìlà Kẹrìnlá Kúrò

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́ Àgbà. Gàrí ni mò ń tà, ọmọ mi kékeré ló sì máa ń ka ojú ìwé yín sí mi létí. Àkọ́bí mi wà ní Jámánì, ọdún kẹsàn-án tó ti ń ṣe ìwádìí níbẹ̀ nìyí. Bàbá rẹ̀ fẹ́ pé àádọ́rin ọdún, a fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a wá ní kí ọmọ náà fi orúkọ gbogbo ohun tó ti kọ ránṣẹ́ kí a lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò. Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Under-G. Iṣẹ́ 27, ojú ìwé mẹ́ta, kò sì sí èyí tó yé wa níbẹ̀. Àwọn kan jẹ mọ́ àwòrán ọpọlọ. Àwọn mìíràn ní "evolution" nínú, ìyá ẹgbẹ́ wa kan sì ní ẹ̀kọ́ pé ọ̀bọ ló di ènìyàn nìyẹn, pé kí n má gbé e wọ ilé Ọlọ́run. Orúkọ ọmọ mi kì í sì í fi gbogbo ìgbà ṣáájú: níbòmíràn òun ló ṣe ìkẹta, níbòmíràn ó gbẹ̀yìn pátápátá. Ṣé wọ́n ń rẹ́ ẹ jẹ ni? Èyí tó dùn mí jù ni ìlà kẹrìnlá. Tíṣà àdúgbò wa kà á, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ mi ṣe àṣìṣe, ó wá ń tún un ṣe. Bàbá rẹ̀ ní kí a yọ ọ́ kúrò kí a tó tẹ ìwé. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Onígàrí, Òkèlẹ́rin, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú oríire ọmọ. Ọ̀rọ̀ ìyá ẹgbẹ́ yín ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, torí bí ìyẹn bá ṣì wà lọ́kàn yín, ẹ ò ní gbọ́ ìyókù dáadáa.

Iṣẹ́ ọmọ yín ò kan ọ̀bọ rárá. Ẹ wo yangan, àwa ọmọ Ajílété kì í ṣe àlejò rẹ̀. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í kàn bu àgbàdo nínú àpò lọ gbìn. Ṣíṣà ló ń ṣà á. Èyí tó yọmọ dáadáa, tí kòkòrò ò jẹ, tó gbó nígbà tí òjò ò tó, ni yóò so rọ̀ sókè ààrò kí èéfín máa fín in dìgbà ọ̀gbìn. Tí wọ́n bá tún hù, ìyẹ̀fun orí ọ̀kan á bọ́ sórí irun èkejì, ọmọ tí wọ́n bí á mú díẹ̀ lára baba, á mú díẹ̀ lára ìyá, ẹyọ kan á sì yọ jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwà tí ẹnikẹ́ni ò rò. Kí àgbẹ̀ máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún, oko rẹ̀ ò ní bá ti aládùúgbò rẹ̀ dọ́gba mọ́.

Ohun tí wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa ṣe gan-an nìyẹn, òun sì ni "evolution" tí ẹ rí nínú orúkọ iṣẹ́ ọmọ yín. Ìdáhùn ìṣirò ló dúró fún àgbàdo. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ gbé ọgọ́rùn-ún ìdáhùn kalẹ̀ láìmọ èyí tó tọ̀nà, á dán gbogbo wọn wò, á ṣa àwọn tó sàn jù, á pa wọ́n pọ̀ ní méjì méjì, á yí nǹkan díẹ̀ padà lára ọmọ tí wọ́n bá bí, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ingo Rechenberg àti Hans-Paul Schwefel ti ń ṣe irú rẹ̀ ní Berlin láti àwọn ọdún 1960, ní Jámánì tí ọmọ yín wà yẹn náà. John Holland ní Amẹ́ríkà gbé ìwé tirẹ̀ lórí rẹ̀ jáde ní 1975. Ẹ lè gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì láìbẹ̀rù. Ẹni tó bá bínú, ẹ bi í bóyá òun náà kì í ṣa irúgbìn.

Ibi tí èyí ti pàdé àwòrán ọpọlọ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí orí ẹ̀ ni iṣẹ́ ọmọ yín dúró lé. Kì í la orí ẹnikẹ́ni o. Ẹ̀rọ MRI, tó ń fi agbára òòfà ṣiṣẹ́, ló ń ya inú orí láìsí pé abẹ kan ara. Ká ní wọ́n ya orí aláìsàn kan lóṣù kẹta, wọ́n tún yà á lóṣù kẹsàn-án, láti mọ̀ bóyá kókó tó wà níbẹ̀ ń dàgbà. Kò sí bí ẹni náà ṣe lè gbé orí lélẹ̀ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì: ó ti yẹ̀ díẹ̀ sósì, àgbọ̀n ti gbé sókè díẹ̀. Kí dókítà tó lè fi ọ̀kan wé èkejì, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ sún àwòrán kan, kó yí i, títí yóò fi lé orí èkejì gẹ́lẹ́. Nọ́ńbà mẹ́fà ló ń wá, mẹ́ta fún sísún, mẹ́ta fún yíyí.

Mẹ́fà dà bí ohun tó kéré létí. Àmọ́ ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń wá omi kànga nílùú yìí. Ẹni tó bá ń gbẹ́ ibi tó kọ́kọ́ tutù lábẹ́ ọkọ́ rẹ̀ lè rí omi lóòótọ́, kí ọyẹ́ sì dé kó gbẹ táútáú, nígbà tí omi gidi wà lẹ́yìn ilé kejì. Kọ̀ǹpútà tó ń wá nọ́ńbà mẹ́fà yẹn láti ojú kan ṣoṣo máa ń kó sí irú ọ̀fìn bẹ́ẹ̀. Tí ó bá fi ọgọ́rùn-ún ìdáhùn káàkiri ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó ń ṣà wọ́n bíi yangan, ó ṣòro kí gbogbo wọn jọ wà nídìí kànga tí yóò gbẹ. Ìdí tí ọmọ yín fi da ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ò le. Nínú irú iṣẹ́ báyìí, ẹni tó ṣiṣẹ́ jù ló sábà máa ń ṣáájú, ẹni tó darí iṣẹ́ ló sábà máa ń gbẹ̀yìn, àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́ á wà láàárín. Nítorí náà ibi tí ó ti gbẹ̀yìn yẹn, ẹ yọ̀ sí i, ó ti ń ní ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Ní ti 27, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kíkà nìkan díwọ̀n rẹ̀ fún yín. Àwọn oníkọ̀ǹpútà ń ka pépà tí wọ́n kà ní àpérò sí gan-an, àwọn onímọ̀ ọpọlọ, jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀, ni wọ́n ń wò, ọmọ yín sì ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ó wá ku ìlà kẹrìnlá. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì kà á tán. Kò ju ojú ìwé kan lọ. Ọmọ yín àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé nínú iṣẹ́ kọkànlá, àwọn ka àwòrán orí ènìyàn méjì mọ́ iye lẹ́ẹ̀mejì, pé àwọn fúnra àwọn ló rí i, àwọn sì ti tún gbogbo ìṣirò ṣe. Àbájáde náà rọlẹ̀ díẹ̀, kò wó.

Ìyá wa, nínú ìlà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yẹn, ibẹ̀ ni mo dúró sí pẹ́ jù. Ní 2009, Craig Bennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé òkú ẹja kan sínú ẹ̀rọ MRI. Wọ́n ń fi àwòrán àwọn ènìyàn hàn án, wọ́n ní kó sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò láìṣọ́ra, ibì kan tàn nínú ọpọlọ òkú ẹja bí ẹni pé ó ń ronú! Ìkìlọ̀ ni wọ́n fi ṣe. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì kéékèèké ló wà nínú àwòrán ọpọlọ kan, wọ́n sì ń bi ìkọ̀ọ̀kan léèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Tí àyè àṣìṣe bá jẹ́ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, nínú ẹgbẹ̀rún àmì, àádọ́ta lè dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" lásán. Ní 2016, Anders Eklund, Thomas Nichols àti Hans Knutsson fi hàn pé nínú àwọn ọ̀nà ìṣirò kan tí gbogbo ayé ń lò, àyè àṣìṣe tí wọ́n pè ní 5 nínú ọgọ́rùn-ún lè dé 70. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan iṣẹ́ bí 40,000. Lọ́dún náà gan-an wọ́n kọ àtúnṣe sí pépà tiwọn, wọ́n yọ 40,000 kúrò, torí nọ́ńbà náà ti pọ̀ jù. Àwọn tó ń tún ti ẹlòmíràn ṣe ló tún ti ara wọn ṣe yẹn.

Apá kejì iṣẹ́ ọmọ yín náà ní ewu tirẹ̀, torí oríire wà nínú irúgbìn ṣíṣà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Lọ́dún 1998, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, mo fi ọ̀nà ṣíṣà yìí ṣe ètò kan tí kọ̀ǹpútà á fi máa to àkókò ìdánwò. Iná ò dúró, òru ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo rí i lò, ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbé e ṣiṣẹ́, ìdáhùn rẹ̀ dára púpọ̀, mo sì kọ ọ́ jáde. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan gbé ètò náà ṣiṣẹ́ nígbà ogún. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sún mọ́ ohun tí mo kọ. Ó mú ìwé náà wá bá mi pẹ̀lú ìbẹ̀rù, mo ní kó fi sílẹ̀, pé mà á wò ó. Mo wò ó. Òótọ́ ni. N kò kọ àtúnṣe kankan. Pépà yẹn ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ mi títí dòní bí mo ṣe kọ ọ́, kò sì sí ìlà kankan nísàlẹ̀ rẹ̀ tó sọ òtítọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ò tún mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá mi mọ́.

Nítorí náà, ẹ má yọ ọ́. Kí ẹ má bàa tẹ ojú ìwé mẹ́ta sínú ìwé ètò, ẹ mú márùn-ún nínú iṣẹ́ náà, kí ìkọkànlá àti ìkẹrìnlá wà níbẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ léra, kí àbúrò rẹ̀ sì fi Yorùbá kọ ohun tí ìkọ̀ọ̀kan dá lé sábẹ́ rẹ̀. Tí ọmọ bá ti Jámánì dé, ẹ ní kó jókòó ti bàbá rẹ̀ kí ọjọ́ ìdúpẹ́ tó pé, kó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwòrán orí méjì yẹn. Bí bàbá bá ṣì ní kí wọ́n yọ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ránṣẹ́ sí mi. Òkèlẹ́rin ò jìnnà sílé mi, èmi fúnra mi máa wá bá a sọ̀rọ̀.