Ilé Àpatì ní Adó-Èkìtì

Ìbéèrè: Ẹbí kan fẹ́ ta ilé alámọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́ fún mi. Àmì ọ̀dà pupa wà lára ògiri rẹ̀. Ṣé kí n sanwó?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀! Ẹ kọ́kọ́ wádìí àmì yẹn lọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ètò ìlú. Bó bá jẹ́ pé ilé ti wọ ojú pópó, ẹ fi sílẹ̀. Àtúnṣe kò ní gbà á lọ́wọ́ katapílà.

Kí sọ́fẹ́yọ̀ wò ó bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Olórí ẹbí àtàwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ síwèé. Láìsí olórí ẹbí, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ilé bá ní sí-ọ́fù-ó, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí títà náà.

Ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó wó ògiri kankan. Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, torí òjò ló ń pa ilé amọ̀. Ẹ má kàn rẹ́ sìmẹ́ǹtì lé amọ̀ lórí o: amọ̀ ń wú bó bá mumi, ó ń súnkì bó bá gbẹ, sìmẹ́ǹtì kì í bá a lọ, yóò sì ṣí bọ́ sílẹ̀. Ẹ ha amọ̀ tó ti rọ̀ kúrò, ẹ fi ìṣó kan wáyà oníhò bí àwọ̀n mọ́ ògiri, kí ẹ tó rẹ́ ẹ.